Ọlẹ̀ Tí Wọ́n Sọ Di Olè

Ìbínú ni obìnrin náà fi pàdé Atẹ̀wé lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ ilé ìtẹ̀wé. Ẹni tó bá ń retí pé ojú yóò ṣe mẹ́rin, kí ọkàn sì yọ́ bí òrí nínú oòrùn, kó ní sùúrù ná. Àwòrán tó fi odidi ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ yà ni ó bá lára ògiri níbẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ti dorí rẹ̀ kodò.

“Ta ló gbé e kọ́ báyìí?” ni ó bi ọkùnrin tó ń nu yíǹkì kúrò lọ́wọ́ nídìí ẹ̀rọ.

“Èmi ni, mà.”

“Orí rẹ̀ lẹ kọ́ sísàlẹ̀ yẹn.”

Ọkùnrin náà tẹ orí tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó tẹ̀ ẹ́ sí èkejì. “Ẹ má bínú. Ìrù ni mo kọ́kọ́ rí. Alángbá ni, àbí?”

“Ènìyàn ni.”

“Ènìyàn onírù?”

“Ọlẹ̀ ni. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ọmọ nínú ilé ọmọ. Bí gbogbo wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin náà nírù rí.”

Ọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn ara rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rí i dájú pé ìrù náà ti lọ. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má sọ ọ́ síta. Mo ṣì ń wá ìyàwó.”

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró gangan títí wọ́n fi yí àwòrán náà padà, ó kí wọn pé ó dàbọ̀, ó jáde. Ìgbà tó dé ìkòríta ni ẹ̀rín borí rẹ̀, inú sì tún bí i sí ìyẹn náà.

Olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni. Tíṣà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, títí kan ìyá tó bí i. Ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ jẹ́ ti bàbá rẹ̀, tàbí bí bàbá rẹ̀ ṣe ń wí nìyẹn. Ìwé nípa bí ọmọ ṣe ń dọmọ ni, ní èdè Yorùbá, fún ilé ẹ̀kọ́ girama. Tíṣà ló kọ ohun tó wà nínú rẹ̀: bí ẹyin ṣe ń jáde nílé ẹyin, bí àtọ̀ ṣe ń pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, bí méjèèjì ṣe ń di ẹyọ kan, tí ẹyọ kan ń pín sí méjì, méjì sí mẹ́rin, tí yóò máa pín tí yóò máa rìn títí tí yóò fi dé ilé ọmọ, tí yóò sì wọnú ògiri rẹ̀ bí ayálégbé tí kò gbèrò àtijáde. Òun náà ló ya gbogbo àwòrán rẹ̀. Bàbá tún gbólóhùn ṣe, ó sì fi àmì sí ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn náà, kò sẹ́ni tó jiyàn. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé Bàbá gbà pé àmì ni ọmọ, ìyókù sì ni aṣọ tí wọ́n fi wé e.

Bàbá yìí ti kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bàbá Àmì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sọ ọ́, nítorí pé bí ẹnikẹ́ni bá mú ìwé ìpè ìgbéyàwó wá fún un tí àmì ohùn kan sì sọnù lára rẹ̀, yóò fi bírò pupa tọ́ ọ, yóò sì dá a padà. Lọ́jọ́ kan ó gun àkàbà lọ fi ọ̀dà tọ́ pátákó ilé ìwòsàn. Àwọn ọlọ́dẹ ló sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó ka ìyẹn mọ́ ara ìyà tó jẹ nítorí èdè.

Orí kejì ìwé náà ni òun àti ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ jà lé lórí. Tíṣà kọ ọ́ pé ìdajì ohun tó ń mú ọmọ jẹ́ ẹni tó jẹ́ ń ti ara ìyá wá, ìdajì ń ti ara bàbá. Bàbá pa á rẹ́, ó kọ dípò rẹ̀ pé ọkùnrin ni afúnrúgbìn, obìnrin sì ni ilẹ̀. Tíṣà pa ti Bàbá rẹ́. Bàbá dá a padà, ó sì fi àmì tó dára sí i.

“Bàbá, kì í ṣe òótọ́.”

“Ó dùn létí.”

“Àwọn ọmọ máa fi ṣe ìdánwò.”

“Kí wọ́n fi ṣe é. Èdè tó jinlẹ̀ ni.”

Nígbà tí wọ́n ń to ọ̀rọ̀ ìwé náà sójú ewé, Tíṣà ní láti máa yà sí ilé ìtẹ̀wé lẹ́yìn iṣẹ́. Yàrá gígùn kan ni, tó ń rùn fún yíǹkì àti gọ́ọ̀mù, tí ìró ọ̀bẹ ńlá tí wọ́n fi ń gé bébà ń dún nígun rẹ̀ bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹlòmíràn lójú. Àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Atẹ̀wé ti ká bébà tó bàjẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni Tíṣà ń jókòó. Ọkùnrin náà ní ìwà kan tí kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń tẹ̀wé: ó ń ka ohun tó ń tẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn máa ń fẹ́ra wọn sọ́nà lórí ọ̀rọ̀ dídùn. Àwọn méjì yìí, lórí ibi ọmọ ni.

“Ta ló ń ṣe ibi ọmọ gan-an, Tíṣà? Ṣé ìyá ni, àbí ọmọ?”

“Àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ti ọmọ ló pọ̀ jù.”

“Ọmọ tí kò tíì lójú, òun ló ti ń kọ́ ilé ìdáná fúnra rẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Mo mọ ọkùnrin kan tó ti ń lọ sí ogójì ọdún tí kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Ṣé ẹ̀yin ni?”

“Mo lè se ẹyin.” Ó tẹ bọ́tìnnì kan. “Kí ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ lára ọlẹ̀ yìí?”

“Ọkàn. Á ti máa lù kí ọpọlọ tó mọ ohun tó ń ṣe.”

“Ó ti ń ṣe èmi náà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà òjò.”

Tíṣà bojú wolẹ̀, ó tọ́ ọ̀rọ̀ kan lójú ewé, ó tún ọ̀rọ̀ kan náà tọ́ sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé orí tó sọ̀rọ̀ ìbímọ, “ẹ” ti di “o” láàárín wọn. Nígbà tí wọ́n dé ewé ìkẹyìn, ó ti yé àwọn méjèèjì pé Atẹ̀wé yóò wá rí Bàbá bí ìwé bá ti jáde, nítorí wọ́n rò pé ìgbà náà ni inú Bàbá yóò dùn jù.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe èèpo ìwé, Bàbá wá fúnra rẹ̀. Orúkọ ìwé náà ni ỌLẸ̀ NÍNÚ ILÉ ỌMỌ. Atẹ̀wé ti tò ó sí àárín, àyè sì wà lókè àti nísàlẹ̀.

“Àwòrán mi kéré,” Bàbá wí. Fọ́tò tó ti wọ aṣọ oyè yunifásítì ni. “Fẹ̀ ẹ́.”

Atẹ̀wé fẹ̀ ẹ́.

“Fẹ̀ ẹ́ sí i. Àwọn oyè abẹ́ orúkọ mi ńkọ́? Ẹni tó wà ní òdìkejì títì gbọ́dọ̀ lè kà á.”

“Bàbá, bí mo bá sọ oyè gòkè tó báyìí, ó máa gun orí àwọn àmì ìsàlẹ̀. Àwòrán náà sì ti ń tẹ àwọn ti òkè. Àmì ń há, kò ní í hàn mọ́ o.”

“Bàbá, ó ń há lóòótọ́,” Tíṣà wí.

Bàbá fọwọ́ ṣá a tì. “Àmì ò ní í sá lọ síbì kankan. Ènìyàn gidi mọ bí wọ́n ṣe ń ka Yorùbá.”

Ẹni tó ti fi bírò pupa da ọ̀rẹ́ tó ń ṣe ìgbéyàwó láàmú ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó mú bírò kan náà, ó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́.

Ìwé jáde. Ó dán, ó wuyì. Bàbá gba ìdajì èèpo rẹ̀, ó ń wo iwájú bí ẹni tó rí ìran tó ń bọ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni àwọn oyè tò sí, gàdàgbà-gàdàgbà. Láàárín Bàbá àti oyè Bàbá, níbi tí wọ́n ti fún un pọ̀, ni wọ́n kọ ọ́ sí: OLE NINU ILE OMO.

Kò sí àmì kan lókè, kò sí ìkan nísàlẹ̀.

Ọlẹ̀ ti di olè. Ẹni tó ń ta ìwé nítòsí ibùdókọ̀ tò ó mọ́ àwọn ìtàn ọ̀daràn. Oníbàárà kan dá a padà, ó ní òun ti kà á dé àárín, wọn ò sì tíì jí nǹkan kan. Ní kíláàsì Tíṣà, ọmọbìnrin kan nawọ́.

“Mà, ṣé wọ́n ti mú un?”

“Mú ta?”

“Olè tó wọ ilé ọmọ yẹn.”

“Ará ilé ni,” ẹlòmíràn wí láti ẹ̀yìn. “Kò sí ilẹ̀kùn tó fọ́.”

Àwọn kan wà tó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní kì í ṣe olè, ọ̀lẹ ni: ọ̀lẹ tó lọ jókòó sílé ọmọ rẹ̀ tí kò wáṣẹ́ ṣe, fọ́tò rẹ̀ sì kúkú nìyí lókè ọ̀rọ̀. Ìyẹn ni ó dé etí Bàbá.

Bàbá kò sùn, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn. “Atẹ̀wé yẹn ló bà mí jẹ́. Púrúǹtù. Ẹni tí kò mọ ọ̀lẹ yàtọ̀ sí ọlẹ̀, òun ni mo gbé iṣẹ́ ayé mi lé lọ́wọ́.”

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n fẹ àwòrán yín. Mo wà níbẹ̀.”

“O wà níbẹ̀, o sì jẹ́ kó ṣẹlẹ̀?”

“Mo sọ fún yín pé àmì ń há. Òun náà sọ fún yín.”

“Ṣé o ń gbèjà rẹ̀ ni?” Bàbá dá ẹsẹ̀ dúró láàárín yàrá. Ojú rẹ̀ là. “Ẹ̀n-ẹ́n. Wọ́n ti sọ fún mi pé ìwọ àtòun máa ń jókòó pọ̀. Wọ́n ní ó fẹ́ wá rí mi. Kó má wulẹ̀ wá. Ẹni tó sọ ọlẹ̀ mi di olè kò ní í fẹ́ ọmọ mi.”

“Ìwé wa ló bàjẹ́, Bàbá, kì í ṣe ìwé yín nìkan. Èmi ni mo kọ ohun tó wà nínú rẹ̀, orúkọ mi ò sì sí lára èèpo. Ẹ kọ ọ́ sínú pé ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yín tó bá yín ya àwòrán díẹ̀.”

“Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, kí lo tún ń fẹ́? Èmi ni mo gbìn ín. Ìwọ ni ilẹ̀.”

Tíṣà kọjú sí i. “Àtọ̀ ò gbé ju ìdajì lọ dé ibi tó ń lọ. Ẹyin gbé ìdajì tirẹ̀, ó gbé oúnjẹ, ó gbé ilé. Mo kọ ọ́ sínú ìwé yín, ẹ pa á rẹ́.”

Ní yàrá kejì, máṣíìnì tí ìyá rẹ̀ fi ń ránṣọ dákẹ́. Nígbà tó ṣe, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Àǹtí Pẹ̀tù fi wọlé. Àbúrò Bàbá ni, obìnrin títóbi tó ń rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí wọ́n fún ní orúkọ yẹn nítorí pé òun ló ń pẹ̀tù sí gbogbo aáwọ̀ ẹbí. Òun náà ló sì ń dá púpọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀. Ó pe Tíṣà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Ọmọ mi, ṣé ọkùnrin yìí lo fẹ́?”

“Òun ni, Àǹtí.”

“Ó tán. Fi sílẹ̀ fún mi. Lọ bọ́jú, kí o para díẹ̀. Ojú rẹ le bíi ti bàbá rẹ.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n ránṣẹ́ pe Tíṣà sí pálọ̀. Ó bá Atẹ̀wé lórí àga, ó ti de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé ọ̀fun, kò sí yíǹkì kankan lábẹ́ èékánná rẹ̀. Bàbá jókòó sí ọ̀kánkán rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán. Àǹtí Pẹ̀tù ń ṣẹ́jú sí Tíṣà pé kó jókòó.

“Máa wí,” Bàbá wí fún Atẹ̀wé. “Kí òun náà gbọ́.”

Atẹ̀wé wo ilẹ̀. “Ẹ foríjì mí, sà. Àìfarabalẹ̀ mi ló fà á. Àṣìṣe mi ni.”

Bàbá dárí jì í. Ó dárí jì í pẹ́, ó ń gbádùn rẹ̀ bí ẹni tó ń mu omi tútù lẹ́yìn ìrìn àjò: ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohùn òkè, ó já sí ohùn ìsàlẹ̀, ó tẹsẹ̀ dúró lórí ohùn àárín, ó sọ ìdí tí èdè tí kò ní àmì fi dà bí ilé tí kò ní òrùlé. Níparí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ọmọ dáadáa ni. Ẹni tó bá mọ àṣìṣe rẹ̀, a lè bá a jókòó sọ̀rọ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n mi gidi,” Àǹtí Pẹ̀tù wí, ó ń pàtẹ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. “Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ti yanjú.”

Gbogbo wọn kọjú sí Tíṣà, wọ́n ń dúró kí ó dúpẹ́.

“Àṣìṣe ta?” ni ó wí.

Atẹ̀wé ń fọwọ́ tún bọ́tìnnì ọ̀fun rẹ̀ ṣe.

“Wò mí lójú, kí o tún un sọ.”

Kò lè gbójú sókè. Tíṣà dìde, ó sì jáde.

Ní ọjọ́ kejì ó lọ bá a ní ilé ìtẹ̀wé. Kò jókòó lórí àga.

“Ta ló ní kí o parọ́ mọ́ ara rẹ?”

“Àǹtí ní bí mo bá ti lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti parí nìyẹn. Kò dùn mí rárá. Irọ́ kékeré, ìyàwó ńlá.”

“Má fi mí ṣẹ̀fẹ̀.”

“Mi ò fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀. Mo fẹ́ ọ ni. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́, kì í ṣe tìrẹ.”

“Tèmi ni. Èmi ni mo bá a jà pé irọ́ ló ń pa, ìwọ lo wá bá a fọwọ́ sí i. Ní báyìí, mo ti di ọmọ burúkú tó ń jiyàn, ìwọ ti di ọmọ dáadáa. Lọ́la, á ní kí o gbà pé ilẹ̀ lásán ni mí, wàá ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, irọ́ kékeré ni.”

“Àlàáfíà ni mo ń wá.”

“Àlàáfíà ta?”

Atẹ̀wé nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ iṣẹ́. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń ju ìwé ìkéde síta, ọ̀kan lórí èkejì.

“Lọ gbà á padà,” Tíṣà wí. “Títí o ó fi gbà á padà, má wá mi wá.”

“Gba kí ni padà?”

“Ẹ̀bẹ̀ tó o bẹ̀.”

“Ṣé wọ́n máa ń gba ẹ̀bẹ̀ padà ni?”

“Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ ṣe é.”

Kò rọrùn fún Tíṣà lẹ́yìn náà, kí ẹnikẹ́ni má tan ara rẹ̀ jẹ. Ní yàrá àwọn olùkọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò sọ fún un pé orí rẹ̀ ló ń dà á láàmú. “Ọkùnrin kan gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ nítorí rẹ, ìwọ ń bínú. Tèmi ò gba ẹ̀bi tó jẹ́ tirẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ.” Tíṣà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Bóyá ó ti le jù. Bóyá ọkùnrin tó rọ̀ ni kí obìnrin tó le máa wá. Ó rántí ohùn rẹ̀ tó ń béèrè ta ló ń ṣe ibi ọmọ, ó sì rí i pé òun ti ń gba ọ̀nà mìíràn lọ síbi iṣẹ́ kí òun má baà kọjá níwájú ilé ìtẹ̀wé.

Ṣùgbọ́n bó bá ti délé, tó gbọ́ máṣíìnì ìyá rẹ̀ ní yàrá kejì, inú rẹ̀ á tún le. Láti ìgbà tó ti gbọ́njú ni ìyá rẹ̀ ti ń sọ pé “bẹ́ẹ̀ ni, sà” láti ìdí máṣíìnì yẹn. Kò sí ọjọ́ tí wọ́n lù ú, kò sí ọjọ́ tí ebi pa á. Irọ́ kékeré kékeré ni wọ́n fi tọ́ ilé náà. Tíṣà mọ bí nǹkan kékeré ṣe ń dàgbà, iṣẹ́ rẹ̀ ni: ẹyọ kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, kí ẹnikẹ́ni tó fura, ó ti lójú, ó ti lẹ́yín, ó sì ti ń jẹ orúkọ ìdílé.

Bàbá ní tirẹ̀ kò fi ìdáríjì náà pa mọ́. Ó lẹ bébà pélébé kan mọ́ inú gbogbo ìwé tó kù: ÀṢÌṢE ATẸ̀WÉ NI, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Ó ń sọ ọ́ ní ilé ìfowópamọ́, ó ń sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń gẹrun, pé ọmọkùnrin náà ti jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀. Kò pẹ́ tí ilé ẹ̀kọ́ kan fi gba iṣẹ́ ìwé ìdánwò rẹ̀ lọ́wọ́ Atẹ̀wé. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ìbéèrè àwọn náà di olè. Tíṣà gbọ́ ọ, ó payín keke. Kò lọ kí i.

Ọkùnrin náà wá sílé wọn nírọ̀lẹ́ kan tí kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀, yíǹkì dúdú ń bẹ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Bàbá ń ka ìwé ìròyìn, ó ń tọ́ ọ bó ṣe ń kà á. Àǹtí Pẹ̀tù náà wà níbẹ̀. Tíṣà wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń nu abọ́.

“Ẹ káalẹ́, sà. Mi ò ní í jókòó. Mo wá gba ẹ̀bẹ̀ mi padà ni.”

Bàbá sọ bírò rẹ̀ sílẹ̀. “Gba kí ni?”

“Ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀ yín níjọ́sí. Kì í ṣe tèmi. Ẹ̀yin lẹ ní kí n fẹ àwòrán yín. Mo ní àmì ń há, ẹ ní kí n máa bá a lọ, ẹ sì fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ tí ẹ ní kí n ṣe ni mo ṣe.”

“Yéè, ta ló rán ọmọ yìí níṣẹ́,” Àǹtí Pẹ̀tù wí, ó káwọ́ lérí. “A ti parí ẹ̀, a ti parí ẹ̀ pátápátá.”

“Ẹ má bínú sí mi, Àǹtí. Ẹ ṣe é dáadáa. Èmi ni mi ò ṣe é dáadáa.” Ó wo Bàbá lójú. “Mo bẹ̀ yín nítorí mo fẹ́ ọmọ yín. Mo sì ń gbà á padà nítorí mo fẹ́ ẹ síbẹ̀.”

Bàbá dìde díẹ̀díẹ̀. Gbogbo oyè rẹ̀ bá a dìde. “Jáde nílé mi.”

“Mò ń jáde, sà.”

“Ọmọ mi kò ní í fẹ́ ọ láyé. Èmi ni mo bí i. Èmi ni mo ni ín.”

“Ìdajì,” Tíṣà wí láti ẹnu ọ̀nà.

“Kí lo wí?”

“Ìdajì mi lẹ ni, Bàbá. Ó wà ní orí kejì kẹ́ ẹ tó pa á rẹ́.” Ó gbé abọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, nítorí ọwọ́ ń yún un láti jù ú. “Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹ ń sọ pé ẹ̀yin lẹ bí mi, bí ẹni pé ẹ rí mi he lábẹ́ igi. Ẹ bí ìwé, ẹ bí mi, ẹ bí gbogbo nǹkan, ẹnikẹ́ni ò bá yín dá sí i. Ó dáa. Ìdajì tó jẹ́ tiyín, ẹ dì í mú, kó wà nílé bá yín tọ́ ìwé ìròyìn. Ìdajì tó kù ń lọ sílé ọkọ.”

Máṣíìnì dákẹ́ ní yàrá kejì.

Ìyá jáde síta. Okùn ìwọ̀n kọ́ ọ lọ́rùn, abẹ́rẹ́ wà láàárín ètè rẹ̀. Ó yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gún wọn mọ́ àyà aṣọ rẹ̀, kò kánjú. 

“Tèmi ni ìdajì tó ń sọ yẹn,” ni ó wí. “Mo ti fún un.”

Bàbá yíjú sí i bí ẹni tí àga bá sọ̀rọ̀. “Ta ló bi ọ́ ní nǹkan kan?”

“Kò sẹ́ni kankan,” Ìyá wí. “Kò sẹ́ni tó bi mí rí.”

Ó wo Atẹ̀wé láti òkè délẹ̀. Ó ní, “Ẹ fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ yíǹkì yẹn kẹ́ ẹ tó fẹ́ ọmọ mi,” ó sì padà sídìí máṣíìnì rẹ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan, bí ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ jìn.

Bàbá kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ nínú ilé náà. Ó ń jẹun, ó ń wọlé, ó ń jáde. Àǹtí Pẹ̀tù ń lọ, ó ń bọ̀, ó ní kí wọ́n sún ọjọ́ ìgbéyàwó síwájú, ó ní kí wọ́n bẹ Bàbá. Tíṣà ní ẹ̀bẹ̀ ló kọ́kọ́ ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Inú rẹ̀ kò rọ̀ lọ́jọ́ tó lọ yan aṣọ. Inú rẹ̀ kò rọ̀ lọ́jọ́ tí Atẹ̀wé mú ẹyin tó sè wá fún un ní yàrá àwọn olùkọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀: Tíṣà, Atẹ̀wé, Ìyá, Àǹtí Pẹ̀tù. Akọ̀wé ibẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ ṣíngọ́ọ̀mù, ti ṣí ìwé ńlá sílẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá ni. Ó wọ kóòtù tó ti di péńpé fún un.

“Ta ni yín, sà?”

Bàbá gbé àyà sókè, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí oyè àkọ́kọ́. Ó ti dé ẹlẹ́ẹ̀kẹta kí ọmọbìnrin náà tó gbé bírò rẹ̀ kúrò lórí ìwé.

“Mi ò bi yín ní ìyẹn, sà. Kí lẹ jẹ́ sí ìyàwó?”

Bàbá yíjú sí bẹ́ǹṣì. Tíṣà ń wo iwájú tààrà. Kò ní í ràn án lọ́wọ́. Ó ti búra fún ara rẹ̀ pé kò ní í ràn án lọ́wọ́. Ó ń gbọ́ bí Bàbá ṣe ń mí, bí ẹni tó gun àkàbà gíga.

“Ìdajì,” Bàbá wí.

“Ẹ ní kí ni?”

“Ìdajì rẹ̀ ni mí.” Ó sọ ọ́ tìbínú-tìbínú, bí ẹni tí wọ́n ń fipá gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tọ́ka sí ìyàwó rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. “Ìdajì kejì nìyẹn. Ẹ kọ orúkọ tirẹ̀ ná.”

Inú ṣì ń bí Tíṣà. Ṣùgbọ́n ó sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, kí àyè lè wà níbi tí ènìyàn kan lè jókòó sí.